Igbá Ẹnu Ọ̀nà Oko Làmídì

Sún fóònù yẹn mọ́ mi dáadáa, Ràṣídì. Etí mi ni kò gbọ́ràn mọ́, ẹnu mi ò tíì kú. Ẹ̀yin tó kù, ẹ wá ibi jókòó sí, ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má fìdí lé ọlọ tó wà nídìí ògiri yẹn o. Ti ìyàwó mi ni, ó ti lọ bá Ọlọ́run ẹ̀, mi ò sì tíì rí obìnrin kan nínú ilé yìí tó lè lọ ata lórí ẹ̀ kó kúnná. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Àkísà lẹ wá tú wò lọ́sàn-án òní, mà á sì tú u fún yín, bó ti wù kó rùn tó.

Mo mọ ohun tó gbé yín wá. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun àìlà, ìpàdé wà nílé baálẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Gìdàdó, Fúlàní tó pa gáà sẹ́yìn Sekona láti ìgbà òjò tó kọjá. Ọkùnrin náà wá bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí màlúù òun máa sùn lórí oko yín bí ẹ bá ti kórè tán, bí ti Sùlé bàbá òun ṣe máa ń sùn lórí oko tiwa. Ẹ̀yin ní kó kó ẹran ẹ̀ lọ. Ẹ ní bàbá ẹ̀ ló fi màlúù jẹ oko Làmídì, ẹ̀gbọ́n mi, tó bí ìwọ Ràṣídì, àti pé èmi nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó fojú rí i. Ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi dé ilé baálẹ̀ mọ́, lẹ fi ní kí n sọ ọ́ sínú fóònù, kí gbogbo ìpàdé gbọ́ ọ, kí wọ́n lé ọmọ Sùlé lọ bí a ṣe lé bàbá ẹ̀. Mo ti gbọ́. Mà á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń rìn, díẹ̀díẹ̀, kí n máa dúró mí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí ẹ̀ ń dáko lé lónìí. Òkú ni. Ẹ̀ ń da ajílẹ̀ inú àpò lé e lórí bí ẹni ń fi àtíkè kun òkú lójú. Bí òjò bá sá fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, àgbàdo yín á ká ewé jọ, ẹ̀yin náà á ká ọwọ́ lérí, ẹ ó ní ayé ti bàjẹ́. Ayé ò bàjẹ́. Òjò Ẹdẹ ò bá ẹnì kankan ṣe àdéhùn rí. Ọ̀dàn la wà, a ò sí nínú igbó dúdú bí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà, láti kékeré la sì ti mọ̀ pé òjò lè rọ̀ lónìí kó má yọjú mọ́ títí oṣù á fi lé. Ọ̀gbẹlẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa. Àlejò tó ń wá lọ́dọọdún ni, a sì máa ń múra dè é.

Sìkírá, ìwọ ọmọ Ràṣídì tó ń kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Pólì, ìwọ lo sọ fún mi níjọ́sí pé wọ́n ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń da oko àti ẹran ọ̀sìn pọ̀ níbi tí òjò ò ti tó. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Bàbá ẹ ń sanwó ilé ìwé nítorí ohun tí Sùlé, tí ò mọ ìwé kankan lẹ́yìn Kùránì, ń ṣe lójú wa lọ́fẹ̀ẹ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ, o lè fi ṣe ìdánwò. Bí a bá ti kọ ebè iṣu, koríko gbígbẹ la fi ń dé e lórí, kí oòrùn má baà se èbù mọ́nú. Ẹ̀gúsí la máa ń gbìn sáàárín, kó nà bo ilẹ̀ bí ẹní, kí ilẹ̀ lè tutù. Ẹ̀wà ń bẹ nídìí ọkà bàbà. Igi irú kì í ṣe ohun tẹ́nìkan ń gé, ẹni tó bá gé e, ìyá tó bí i gan-an ò ní fún un lọ́bẹ̀ jẹ. Ilẹ̀ tó bá sì ti ṣiṣẹ́ bí ọdún mẹ́ta, a ó fi í sílẹ̀ kó sinmi, torí ó ń rẹ ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni màlúù. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ètè wa ń là, tí poroporo ọkà ń ha ara wọn lóko, a ó máa dẹtí sí ọ̀nà Awo. Ibẹ̀ ni Sùlé ti ń bọ̀. Súfèé ẹ̀ la kọ́kọ́ ń gbọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú, ẹ̀ẹ̀kan gígùn, ká tó wá máa gbọ́ pátákò ẹran lórí ilẹ̀ gbígbẹ, eruku á sì gba ojú ọ̀run. Ìyá mi á ní, "Onímàlúù ti dé o, ẹ lọ fọ abọ́," torí wàrà. Sùlé gùn, ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀pá ẹ̀ kì í kúrò léjìká ẹ̀. Yorùbá tó ń sọ dùn ju tiyín lọ. Bó bá ti yọ sí wa báyìí, á ké láti òkèèrè pé, "Ẹ kú oko o, àroko bọ́dún dé o!" Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí abúlé yìí, èwo nínú yín ló mọ̀ ọ́n kí àgbẹ̀?

Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi ń sùn lójú kan. Sùlé á kan èèkàn, á so àwọn tó lágídí mọ́ ọn, àwọn yòókù á sùn yí wọn ká. Wọ́n á jẹ poroporo wa, wọ́n á tọ̀ síbẹ̀, wọ́n á yàgbẹ́ síbẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kẹfà, á tú èèkàn, á sún síwájú. Bí wọ́n ṣe ń kúrò là ń fi ọkọ́ po ìgbẹ́ yẹn mọ́lẹ̀, kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́ dànù. Òjò àkọ́rọ̀ á wá bá a níbẹ̀. Ọkà tó bá hù lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí òjò bá sá, á dúró dè é. Ohun tí Sùlé sì ń gbà ò ju poroporo, omi kànga àti iṣu díẹ̀ lọ. Bí Iléyá bá dé, àgbò tí bàbá wa ń pa, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ti ń wá, itan kan sì gbọ́dọ̀ padà sí gáà. Ìyàwó ẹ̀ á gbé wàrà wá, àwọn ìyàwó wa á bu èkuru fún un, ẹ̀rín wọn á sì gba àgbàlá kan títí a ó fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́ àdúà tí ààfáà ń ṣe.

Màlúù pupa kan wà láàárín ẹran náà tó jẹ́ oníwo kan, èkejì ti dá. Lọ́jọ́ kan tí mo sùn lọ sábẹ́ igi irú, ó rọra wá, ó ṣí fìlà lórí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Fìlà tí mo fi gbéyàwó o! Ìgbà tí mo máa fi lajú, ìdajì ẹ̀ ló ń rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ó dúró, ó ń wò mí, ó mọ̀ pé kò sóhun tí mo lè ṣe fún òun. Sùlé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Làmídì ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó lè bọ́ fìlà lórí ọkùnrin, ìyàwó ẹ̀ ni, ló bá sọ mí ní Ọkọ Màlúù. Orúkọ náà mọ́ mi lára. Màlúù yẹn náà ò sì fi mí sílẹ̀ mọ́. Ibi tó bá ti rí mi, á wá lá ọwọ́ mi, torí iyọ̀ inú òógùn. Ẹ má gbàgbé màlúù yìí, mo ṣì ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí àgbẹ̀ àti darandaran jà nígbà náà, igbá ni. Lẹ́nu ọ̀nà oko kọ̀ọ̀kan, òpó kan wà níbẹ̀, a fi okùn so igbá àlòkù kan mọ́ orí ẹ̀. Bí igbá bá dojú délẹ̀, oúnjẹ ṣì wà lóko, kí màlúù máa kọjá lọ. Bí igbá bá ṣíjú sókè, olóko ti ní kí wọ́n wọlé. Sùlé ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó lè jẹ́ pé gbogbo wa ti gba ọjà Ẹdẹ lọ lọ́jọ́ náà, kò kàn án, igbá ló ń wò. Òfin kan ṣoṣo ló sì wà lórí ẹ̀: ẹni tó loko nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyàwó ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kàn án, ọmọ ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kàn án. Bàbá wa ti mú wa búra nídìí òpó yẹn nígbà tí a ò tíì ga tó o. Olè wà lábúlé wa o, wọ́n ń wa iṣu oníṣu, wọ́n ń gbé adìẹ aládìẹ. Wọn ò fọwọ́ kan igbá.

Nígbà tí bàbá wa kú, wọ́n pín ilẹ̀. Wọ́n fún Làmídì ní ìsàlẹ̀, létí odò kékeré tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú, tó ń mú omi dání. Wọ́n fún èmi ní òkè, lórí yangí. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú. Mo ní mo gbà. Ẹnu mi ló gbà.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, òjò dá nígbà tí ọkà bàbà fẹ́ẹ́ yọ orí, kò sì padà wá. Ọkà dúró lóko, ó ga, ó wu ojú, ṣùgbọ́n bí o bá fọwọ́ tẹ orí ẹ̀, òfìfo ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn olóko bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sídìí òpó, tí wọ́n ń ṣí igbá wọn sókè pẹ̀lú ọkà lóòró, pé kí màlúù kúkú jẹ ẹ́, ó kéré tán ìgbẹ́ ẹ̀ á kù fún ọdún tó ń bọ̀. Mo rí àgbà ọkùnrin tó ń sunkún nídìí òpó. Èmi náà lọ ṣí tèmi. Nígbà tó yá, igbá kan ṣoṣo ló kù tó dojú délẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà oko yẹn, ti Làmídì ni. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti gba ọkà tiẹ̀ là, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó kórè.

Mo lọ bá a. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni, èrò kún àgbàlá. Ìyàwó mi wà nínú oyún, ọmọ méjì ń sunkún ebi nílé. Mo tẹríba díẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá kórè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọkà díẹ̀, torí àwọn ọmọ." Ó mu omi, ó fi yọ ẹnu, ó sì gbóhùn sókè kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́. Ó ní, "Ọkọ Màlúù, bí a bá pa ọkà tán, tí a fẹ́ ẹ tán, kí o wá bá ìyàwó mi. Á gbá èèpo ẹ̀ jọ fún ẹ. Ṣebí ìyàwó ẹ tó wà ní gáà, èèpo ló ń jẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sùlé wà níbẹ̀, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Abọ́ ẹran Iléyá wà lọ́wọ́ mi, mo dúró síbẹ̀, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè dárí ẹ̀ jì í, pé mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ràṣídì, má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé bàbá ẹ ni. Ó lójọ́ tó ń ṣe dáadáa. Jẹ́ kí fóònù ẹ máa ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta ẹ̀, mo jí lọ sódò lọ ṣe àlùwàlá ìrun àsùbáà. Ọ̀nà odò gba ẹnu oko Làmídì kọjá. Ọyẹ́ ń fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Mo rí igbá yẹn lórí òpó, ó dojú délẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó yó tó sùn. Mi ò gbèrò ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni, mo ti gbèrò ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo tú okùn, mo ṣí igbá sókè, mo sì tún okùn náà so. Ìrì ti mú un tutù. Mo lọ sódò, mo fi ọwọ́ kan náà ṣe àlùwàlá, mo wá kírun. Ẹ má bi mí bóyá ó gbà.

Ṣé ẹ gbọ́? Mo ní èmi ni. Kì í ṣe Sùlé, kì í ṣe Fúlàní kankan. Èmi tí mo jókòó síwájú yín yìí ni mo ṣí igbá bàbá ẹ, Ràṣídì.

Jókòó. Mo ní kí o jókòó, mi ò tíì débi tó burú. Mi ò fẹ́ kí Làmídì kú. Mo fẹ́ kó bá mi dọ́gba ni. Mo fẹ́ kí òun náà dúró nínú àgbàlá ẹnì kan kó máa tọrọ èèpo.

Bí oòrùn ṣe ń yọ ni Sùlé dé. Ó rí igbá, ó rí ọkà lóòró. Kò yà á lẹ́nu, torí gbogbo oko tó ti wọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, lórí ọkà lóòró ni wọ́n ti ṣí igbá sílẹ̀ dè é. Igbá ló ń wò, kò tẹ orí ọkà wò, ó rò pé Làmídì náà ti juwọ́ sílẹ̀ ni. Mo wà lóko mi lórí òkè, mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣàdúà kó tó wọlé, ó ní, "Làmídì, ọ̀rẹ́ mi, Ọlọ́run á fi èyí tó jù ú lọ rọ́pò ẹ̀ fún ẹ o." Ló bá súfèé, ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú, ẹ̀ẹ̀kan gígùn. Mo gbọ́ bí poroporo ṣe ń ya. Mo lè sáré sọ̀kalẹ̀ lọ dá a dúró, ọ̀nà ẹ̀ ò ju ibí sí mọ́ṣáláṣí lọ. Mo mú ọkọ́ mi, mo ń roko tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Kí Làmídì tó dé, ó ti tán. Igbe tó ké, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin rí. Abúlé tú jáde pẹ̀lú àdá. Ó ti tó oṣù kan tí ebi ti ń pa wọ́n, wọn ò rí ẹni tí wọ́n máa bínú sí, àfi ọjọ́ yẹn. Àwọn màlúù yòókù sá, ṣùgbọ́n oníwo kan ò sá. Ó rí mi láàárín èrò, ó sì ń bọ̀ wá lá ọwọ́ mi. Ẹnì kan kígbe pé, "Ọkọ Màlúù, ìyàwó ẹ ló jẹ oko ẹ̀gbọ́n ẹ o!" Gbogbo ojú wà lára mi. Mo gbé àdá, mo sì ṣá a níṣan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó dún bí okùn kànga tó já. Ó fìdí jókòó, ó ṣì ń na ahọ́n sí mi. Àwọn yòókù ló bá mi parí ẹ̀. A pín in, a sè é, gbogbo abúlé ló jẹ níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí a ti jẹun yó gbẹ̀yìn. Mà á parọ́ fún yín bí mo bá ní kò dùn.

Ẹran ò tíì jinná tí wọ́n fi mú Sùlé lọ sílé baálẹ̀ ìgbà náà, bàbá èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú ẹ̀. Baálẹ̀ bi í pé, "Sùlé, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó ní, "Bàbá, igbá ṣíjú sókè." Làmídì di Kùránì mú, ó búra pé òun ò fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni Sùlé sọ, òótọ́ ni Làmídì sọ, kò sì sí bí òótọ́ méjèèjì ṣe lè dúró pọ̀ àfi bí ẹlòmíì bá ti ṣí igbá náà. Kò sẹ́ni tó lè ro ìyẹn sí ọmọ abúlé wa. Òfin igbá yẹn ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tó fi jẹ́ pé Fúlàní nìkan ló lè máa parọ́. Síbẹ̀ baálẹ̀ yíjú sí gbogbo wa. Wọ́n ní, "Ta ló gba ọ̀nà odò láàárọ̀ yìí? Ta ló rí igbá náà bó ṣe wà?"

Mo wolẹ̀. Èèrà kan ń wọ́ ìyẹ́ adìẹ lọ níwájú ẹsẹ̀ mi, òun ni mo ń wò. Sùlé ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mọ ìgbà tí ojú ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó dúró díẹ̀, ó kọjá. Baálẹ̀ ní, "Sùlé, o ò lẹ́lẹ́rìí." Sùlé fi apá aṣọ nu ẹ̀jẹ̀ ojú ẹ̀, ó ní, "Bàbá, màlúù tí ò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin." Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti dáná sun gáà ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ pọn Gìdàdó tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ, wọ́n gba ọ̀nà Awo tí wọ́n gbà wá. Àwọn ìyàwó tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín nígbà Iléyá ń wò wọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó fún wọn lómi mu.

Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Irọ́ ni o. Eérú tí mo dà, Làmídì ló tọ̀ lọ. Ọdún yẹn ló lọ ń ṣiṣẹ́ lébìrà lóko kòkó ní Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀yìn ẹ̀ ò sì tọ́ mọ́ láti ìgbà tó ti dé. Ràṣídì, o ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí o ò bá láyé. Mùnírátù lorúkọ ẹ̀. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn ló kú. Wọ́n ní igbóná ni, mo sì mọ̀ pé ebi ló ṣílẹ̀kùn fún un. Èmi ni mo gbẹ́ sàréè ẹ̀, kò jìn, ó kéré. Bàbá ẹ dì mọ́ mi létí ibojì, ó ní kí n forí jin òun lórí ọ̀rọ̀ èèpo tí òun sọ sí mi, pé ó dà bíi pé òun ni Ọlọ́run fi jẹ níyà. Mo ní mo ti forí jìn ín. Ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ nìkan ló kù tí mo fọkàn tán." Mo sì jẹ́ kó máa fọkàn tán mi lọ títí ó fi kú.

Ilẹ̀ ní tiẹ̀ kì í forí jinni bẹ́ẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ṣì rántí ìgbẹ́ màlúù Sùlé, ó ṣe dáadáa. Lọ́dún kejì, ọkà kúrú. Nígbà tó yá, a ò lè dá ọkà bàbà lórí ẹ̀ mọ́, ẹ̀yin ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ajílẹ̀ inú àpò, ẹ sì gé igi irú nítorí kí katakata lè ráàyè kọjá. Òpó igbá, a ti dáná ẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n ohun kan ò tíì kọ̀ láti hù lórí ilẹ̀ yẹn, ìyẹn ni ìkórìíra Fúlàní. Làmídì ń gbìn ín sí yín nínú lọ́dọọdún, ẹ sì rò pé ogún bàbá yín ni. Èmi ni mo fún un ní èbù ẹ̀.

Gìdàdó ti wá kí mi o, lóṣù tó kọjá, ẹ̀yin ò sí nílé. Ó gbé wàrà wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, òun náà ti ń hewú. Ó ní kí bàbá òun tó kú, ó sọ fún òun pé bí òun bá dé ọ̀dọ̀ wa, igbá ni kí òun máa wò, kí òun má wo ojú èèyàn. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé igbá yẹn ṣì wà?" Mo mu wàrà ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ẹni tí mà á sọ ọ́ fún. Kì í ṣe pé mo wá di èèyàn rere. Ẹ̀rù sàréè ń bà mí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi ohùn mi lé ọmọ ẹni tí mo fi ìdákẹ́ lé bàbá ẹ̀.

Ó tán. Ohun tí ẹ máa gbé dé iwájú baálẹ̀ lọ́la nìyí. Ràṣídì, fóònù ẹ ti ṣú. Láti ìgbà wo lo ti pa á? Láti ìgbà tí mo ti ní mo tú okùn? Tàn án padà. Mà á tún un sọ, mi ò ní fi ti fìlà sí i, kó lè yá.

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè, ṣebí o mọ̀ pé etí mi ò gbọ́ràn. "Bàbá kékeré, ẹ ti dàgbà, nǹkan ti ń dàrú mọ́ yín lójú. Ẹ sáà sọ pé ẹ rí màlúù Sùlé nínú oko bàbá mi. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́." Hẹn-ẹn. Ọmọ Làmídì, o gbọ́n ju bàbá ẹ lọ. Lóòótọ́, kì í ṣe irọ́. Mo rí màlúù Sùlé nínú oko bàbá ẹ.

Ó dáa. Ẹ̀yin tó kù, bó bá di ọ̀la, kẹ́nìkan bá mi pe ọlọ́kadà wá sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹni méjì lè gbé mi gùn ún, mi ò wúwo mọ́. Ta ló máa ṣe é? Ìwọ ńkọ́? Ìwọ?

Sìkírá. Ìwọ lo mọ ohun tí ilẹ̀ yẹn ń fẹ́, wọ́n ti kọ́ ẹ nílé ìwé, o sì ti gbọ́ ohun tí mo sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n bá béèrè lọ́la nílé baálẹ̀ pé kí ni bàbá àgbà sọ, wàá dáhùn, àbí? Gbójú sókè kí o dá mi lóhùn. Kí lò ń wò nílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Báyìí gan-an ni mo ṣe wolẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.